Èyí tó lè dúró, èyí tí kò lè dúró: ìfiwéra fún ìdílé tó ní aláìsàn jẹjẹrẹ pròsítéètì nígbà àjàkálẹ̀ àrùn

Lọ́dún 2020, ọkùnrin méjì ló ní jẹjẹrẹ pròsítéètì lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹbí wa: bàbá mi ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì, àti ẹ̀gbọ́n màmá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìkẹ́rẹ́. Kónílé-ó-gbélé ká àwọn méjèèjì mọ́lé. Bàbá mi lo oṣù mẹ́sàn-án láìgba abẹ́rẹ́, láìlo oògùn, kò sì sí ohun tó ṣe é. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin péré falẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ àìsàn kan náà ni wọ́n kọ sára fáìlì àwọn méjèèjì.

Èmi kì í ṣe dókítà. Èmi ni mo máa ń gbé fáìlì, tí mo máa ń tò lórí ìlà, tí mo sì máa ń béèrè ohun tí ojú ń ti àgbàlagbà láti béèrè. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ilé àti ará àdúgbò ti ń pè mí: "Ẹ jọ̀ọ́, tiwa náà ńkọ́, ṣé kó dúró ni àbí kó máa lọ?" Wọ́n máa ń béèrè é bí ẹni pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ọkùnrin. Bí mo ṣe ń fi ọ̀kan wé èkejì fún wọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ rántí bó ṣe rí. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ́nà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é ní àjàkálẹ̀ àrùn. Bíi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó ti wọ Èkìtì, kí oṣù náà sì tó parí, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ní kí kálukú jókòó sílé. Láti ọjọ́ 4 oṣù Èbìbí, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ó di ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó fẹ́ lọ gba ìtànṣán, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sí jẹjẹrẹ lára, ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn láti Adó Èkìtì, ìpínlẹ̀ mẹ́ta lẹsẹ̀ rẹ̀ máa tẹ̀: á gba Arámọkọ àti Ìtàwúrẹ́ jáde ní Èkìtì, á gba Iléṣà àti Ifẹ̀ la Ọ̀ṣun kọjá, kó tó wọ Ọ̀yọ́. Inú àkókò yẹn náà ni àwọn dókítà residẹ́ǹtì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, láti ọjọ́ 15 oṣù Òkúdù. Lọ́dún 2021 wọ́n tún gùn lé e, ó sì lé ní oṣù méjì: láti ọjọ́ 2 oṣù Ògún títí wọ oṣù Ọ̀wàrà. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kòrónà nìkan ni mò ń sọ, kó rántí pé ọ̀nà ìtọ́jú lè tì nígbàkigbà.

Ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín ná

Pròsítéètì wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ó sì yí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká. Gbogbo ọkùnrin ló ní in. Jẹjẹrẹ tó ń mú un kì í ṣe irú kan: òmíràn ń rìn bí ìgbín, òmíràn ń sáré bí iná inú ọyẹ́. Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ kí dókítà mọ èyí tó jẹ́. Àkọ́kọ́ ni PSA, èròjà kan tó ń ti ara pròsítéètì wá, tí wọ́n ń wọn iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni Gleason, òǹkà tí wọ́n ń fún ẹran tí wọ́n gé díẹ̀díẹ̀ lára pròsítéètì nígbà tí wọ́n bá fi maikirosikóòpù wò ó. Ẹ̀kẹta ni ibi tí jẹjẹrẹ náà dé.

Bí PSA kò bá tó 10, tí Gleason jẹ́ 6, tí kókó jẹjẹrẹ náà sì kéré, èyí rọ̀. Bí PSA bá wà láàárín 10 sí 20, tàbí tí Gleason jẹ́ 7, ó wà láàárín. Bí PSA bá ti lé ní 20, tàbí tí Gleason jẹ́ 8 sí 10, tàbí tó ti fọ́ èèpo pròsítéètì jáde, ó ti le. Ẹ̀kẹrin ni èyí tó ti rìn dé eegun. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbà yín nímọ̀ràn láìkọ́kọ́ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń sọ.

Ẹ má sì fi PSA ẹyọ kan ṣoṣo dájọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yẹ ti bàbá mi wò, 14 ni. Jìnnìjìnnì bò wá. Ṣùgbọ́n rọ́bà ìtọ̀ wà lára wọn lọ́jọ́ náà, àkóràn sì wà nínú ìtọ̀ wọn. Àwọn méjèèjì ló máa ń gbé PSA ga. Dókítà ní ká wo àkóràn yẹn sàn, ká sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó di 7. Òdì kejì rẹ̀ náà wà: ẹni tó ń lo fínásítíráìdì fún pròsítéètì tó wú, oògùn yẹn máa ń gé PSA sí ìdajì bó bá pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kí 4 tí ẹ rí má lọ jẹ́ 8. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò fún dókítà, títí kan àgbo.

Bó bá rọ̀: ká máa ṣọ́ ọ, àbí ká tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀?

Ibí ni ìdúró ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Ní Bírítéènì, wọ́n pín ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì jáde kúrò nínú pròsítéètì sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú àwọn kan, wọ́n kàn ń ṣọ́ ti àwọn yòókù. ProtecT ni wọ́n pe ìwádìí náà. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde ọdún 15 rẹ̀ síta lọ́dún 2023, nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, bíi 97 ni jẹjẹrẹ náà kò pa, ọ̀nà yòówù kí wọ́n bá a wọ̀. Àmọ́ ṣíṣọ́ náà ní iye tó ń gbà: láàárín àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, ó rìn dé ibòmíràn lára bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú, bíi 5 ni. Ọdún ni wọ́n fi ka èyí o, wọn ò fi oṣù kà á.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòrónà. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 74 nígbà náà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn àgbàlagbà, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ni kòrónà ń pa jù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló sì fi ń ṣe é. Ká gbé wọn wọ mọ́tò elérò méjìdínlógún láti Ọ̀yẹ́, ká lọ jókòó sí kọ́ríndọ̀ tí èèyàn mẹ́wàá ti ń wúkọ́, nítorí jẹjẹrẹ tí kò ní ṣe nǹkan kan láàárín oṣù mẹ́fà? Dókítà fúnra rẹ̀ ló ní ká jókòó. Gígé ẹran lẹ́ẹ̀kejì tó yẹ ká ṣe lọ́dún yẹn, ó sún un síwájú. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ ká fò ni PSA oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, pé bí ó bá pẹ́ oṣù kan tàbí méjì kò burú, ṣùgbọ́n ká ṣe é.

Ṣíṣọ́ kì í ṣe sísùn. Mo mọ ìdílé kan tí wọ́n gbọ́ "ẹ máa ṣọ́ ọ" bí "ó ti lọ." Ọdún mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn wò. Ọdẹ tó gorí ẹ̀gùn, tó sì sùn lọ, kò lè sọ pé òun ń ṣọ́ ẹran.

Bó bá wà láàárín tàbí tó le: iṣẹ́ abẹ, àbí abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìtànṣán?

Èyí ni kò ṣeé fi sílẹ̀, síbẹ̀ kò sọ pé ká máa sáré lóru. Ọ̀pọ̀ ìlànà tí àwọn dókítà tọ̀ lẹ́yìn lọ́dún 2020 gbà pé bí jẹjẹrẹ kò bá tíì jáde, ó ṣeé sún síwájú bí oṣù mẹ́ta láìsí pé nǹkan bàjẹ́. Kí oṣù mẹ́ta wá má di mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ ẹni tó ń gbé fáìlì.

Iṣẹ́ abẹ, ìrìn kan ni. Wọ́n yọ pròsítéètì náà kúrò, ó parí, ìyókù di ojú ọgbẹ́ àti rọ́bà ìtọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ tíátà, oògùn oorun, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà síni lára, àti bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Ewu míì wà tí àwa tí a wà nílé kì í rò. Lóṣù Èbìbí 2020, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní COVIDSurg wo aláìsàn 1,128 ní orílẹ̀-èdè 24 tí kòrónà mú lásìkò iṣẹ́ abẹ, oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ. Kí ọjọ́ 30 tó pé, bíi 24 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti kú. Ìmọ̀ràn tó tẹ̀lé e lọ́dún 2021 ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kòrónà, kí iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì dúró ọ̀sẹ̀ méje. Bí bàbá yín bá ti ń wúkọ́, tí kò gbóòórùn iyán mọ́, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ má bàa yẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yẹ̀.

Ìtànṣán ní tirẹ̀ ní àǹfààní kan tí iṣẹ́ abẹ kò ní: wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tó ń dín họ́mọ́ọ̀nù akọ kù so jẹjẹrẹ náà mọ́lẹ̀ ná. Jẹjẹrẹ yìí, họ́mọ́ọ̀nù akọ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta kan lóṣù Igbe 2020 lè dúró de ìgbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà lóṣù Agẹmọ, kó tó lọ sí Ìbàdàn tàbí sí NSIA-LUTH, ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí l'Ékòó lọ́dún 2019. Kò fi nǹkan kan falẹ̀, nítorí pé nínú èyí tó le, abẹ́rẹ́ náà ló máa ń ṣáájú ìtànṣán tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé Èkìtì nígbà tí ọ̀nà tì, ibi tí mo máa fì sí nìyí.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni iye ọjọ́. Ìtànṣán kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan; ojoojúmọ́ ni, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́, ìjókòó 37 ni, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méje. Ìwádìí CHHiP tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin 3,216, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, fi hàn pé ìjókòó 20 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò kẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 2019, ti Sweden àti Denmark fi hàn pé ìjókòó méje tí wọ́n fún ní agbára jù ṣe iṣẹ́ kan náà fún àwọn tó wà láàárín àti àwọn kan tí tiwọn le. Ẹ fi owó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ará Èkìtì kò lè máa lọ máa bọ̀ ní Ìbàdàn lójoojúmọ́. Yàrá ni yóò háyà, tàbí kó wọ̀ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí. Ọ̀sẹ̀ méje lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò, pẹ̀lú ìyàwó tí kò mọ̀ ọ́n rí, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sá fún àlejò nítorí kòrónà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣeé fara dà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè ṣe èyí tó kúrú, nítorí náà ẹ pe ilé ìwòsàn náà kí ẹ tó di ẹrù.

Abẹ́rẹ́, àbí kí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí òun ni ìdílé máa ń sá fún. Bí jẹjẹrẹ bá ti dé eegun, ẹni náà yóò máa gba abẹ́rẹ́ náà títí ni, àfi bí wọ́n bá yọ kóró ẹpọ̀n tó ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù akọ. Kì í ṣe ìṣègùn tuntun. Charles Huggins ló fi hàn lọ́dún 1941 pé jẹjẹrẹ náà ń rọ bí wọ́n bá yọ wọ́n. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1966.

| | Abẹ́rẹ́ oṣooṣù | Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta | Yíyọ kóró |
|---|---|---|---|
| Ìrìn lọ́dún kan | bíi 13 | 4 | ẹ̀ẹ̀kan, àti ìpadàlọ fún ojú ọgbẹ́ |
| Họ́mọ́ọ̀nù akọ tó já wálẹ̀ | ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 | ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 | láàárín ọjọ́ kan |
| Bí ọ̀nà bá tì | tètè ń pàdánù | kò tètè pàdánù | kò kàn án |
| Owó | kò dáwọ́ dúró | kò dáwọ́ dúró | ẹ̀ẹ̀kan |
| Ṣé ó ṣeé dá padà? | bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀ | bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀ | rárá |

Àwọn nǹkan kan wà tí tábìlì kò lè gbé. Abẹ́rẹ́ bíi goserelin tàbí leuprorelin máa ń kọ́kọ́ ru họ́mọ́ọ̀nù náà sókè fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ wà nínú eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń kọ oògùn oníhóró bíi bicalutamide, tó ń dí họ́mọ́ọ̀nù náà lọ́nà, ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn kan máa ń ra abẹ́rẹ́, kí wọ́n fi oògùn yẹn sílẹ̀ nítorí owó. Ẹ má dán an wò.

Èkejì, goserelin kò gbọdọ̀ wà níbi tó gbóná ju dígírì 25 lọ. Ẹ ronú nípa ṣọ́ọ̀bù oògùn tí kò ní iná lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà. Nígbà kónílé-ó-gbélé, tí mọ́tò tó ń kó oògùn láti Èkó kò wọlé déédéé, ohun tí a rí rà ni a ń rà, a kì í béèrè ibi tó sùn mọ́jú. Ilé oògùn inú ilé ìwòsàn ló dára jù.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin wá kù. Nígbà tí dókítà dárúkọ yíyọ kóró fún Bàbá Ìkẹ́rẹ́ lópin ọdún 2019, ó yíjú sí mi, kò wo dókítà: "Ṣé pé kí wọ́n tẹ̀ mí lọ́dàá bí òbúkọ?" N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀ sí àgbàlagbà lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì dákẹ́. Mo ṣì ń kábàámọ̀ ìdákẹ́ yẹn. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé abẹ́rẹ́ náà, ohun kan náà ló ń ṣe. Ooru tó ń bo èèyàn lójijì, kùdìẹ̀-kudiẹ ní yàrá, eegun tó ń rọ, ọyàn tó lè wú, kò sí èyí tí abẹ́rẹ́ yọ sílẹ̀. Ọgbọ́n kan sì wà tí wọ́n fi ń kó inú kóró náà kúrò, tí wọ́n á fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀, tí àpò náà kò fi ní ṣófo. Ẹlòmíràn tó bá rí i kò ní mọ̀. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ mú ibẹ̀ nìkan kú tipiri tàbí láti ìbàdí wálẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń sùn sílé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tèmi nìyí: bí ọkùnrin bá ti kọjá àádọ́rin ọdún, tí jẹjẹrẹ ti dé eegun rẹ̀, tó ń gbé Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀mùò, tí owó abẹ́rẹ́ sì ń ti ọwọ́ ọmọ méjì jáde, yíyọ kóró ló dáa jù nígbà tí ọ̀nà bá lè tì. Bó bá ṣì ṣe kékeré, tàbí tí abẹ́rẹ́ náà jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ìtànṣán, kó gba abẹ́rẹ́, kó sì jẹ́ ti oṣù mẹ́ta. Àwọn dókítà pẹ̀lú, lọ́dún 2020, ti oṣù mẹ́ta tàbí ti oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kí wọ́n máa fún wọn dípò ti oṣooṣù. Kí àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ọmọ kì í gba èyí ṣe fún bàbá.

Bàbá Ìkẹ́rẹ́ yan abẹ́rẹ́ oṣooṣù.

Àwọn tó kù, ní ṣókí

Bí abẹ́rẹ́ nìkan kò bá ká a mọ́, a ó máa yàn láàárín kẹ́mò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) dósításẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń fà síni lára lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, tó sì máa ń dín ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kù, àti oògùn oníhóró bíi abiraterone tàbí enzalutamide tí èèyàn ń lò nílé. Nígbà kòrónà, ibi tí ilé ìwòsàn bá ti rí oògùn oníhóró, wọ́n fì sí i. Owó rẹ̀ ni ìṣòro wa níbí. Abẹ́rẹ́ eegun tí wọ́n ń pè ní zoledronic acid ṣeé gbà lọ́sẹ̀ 12-12 dípò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tí wọ́n ti yọ pròsítéètì rẹ̀, tí PSA rẹ̀ kò sì gbéra, kò pọn dandan kó lọ gba ìtànṣán lójú ẹsẹ̀; kó máa yẹ PSA wò, kó lọ bó bá ti ń yọjú, kó má dúró kó ga.

Fóònù ńkọ́? Ó dáa fún èsì àyẹ̀wò: ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé inú fáìlì, ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp. Kò dáa fún ọ̀rọ̀ ara. Kò sí bàbá Èkìtì tó máa sọ pé òun ò lè tọ̀ lórí fóònù tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé dání. Ọkùnrin ni kó bá a gbé fóònù, kó jáde síta lẹ́yìn náà.

Èyí tí kò lè dúró, kòrónà ì báà wà nílé

Ìtọ̀ tó kọ̀ tí kò jáde rárá. Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ìtọ̀. Ìtọ̀ tó ń dín kù, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí èébì ń gbé e: kídìnrín ń dí nìyẹn. Ibà fún ẹni tó wà lórí kẹ́mò. Eegun tó ṣàdédé kán. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni ẹ̀yìn tó ń dunni lóru, tó ń le sí i bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, tí ẹsẹ̀ wá ń kú tipiri, tàbí tí èèyàn kò mọ ìgbà tí ìgbẹ́ ń jáde lára rẹ̀. Jẹjẹrẹ ti ń tẹ iṣan inú eegun ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ nìyẹn. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka ìyẹn. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń fi rìn jáde. Ẹni tí ẹsẹ̀ ti kú lára rẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ, ó ṣọ̀wọ́n kó padà.

Abẹ́rẹ́ méjì ló bọ́ mọ́ Bàbá Ìkẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ti oṣù Igbe àti ti oṣù Èbìbí. Oògùn kò dé, ẹ̀rù ilé ìwòsàn sì ń bà á. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, làkúègbé ni a pè é. Ìyàwó rẹ̀ ń fi òrí àti Robb pa á lẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo. Mo ní kí n wá gbé e, ó fi ohùn Èkìtì dá mi lóhùn pé òun ò kúrò ní "ulé" òun lọ kó kòrónà bọ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó gbé e lórí àga wọ mọ́tò. Ìkẹ́rẹ́ sí Adó kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọlọ́pàá tó wà lójú ọ̀nà wo ẹ̀yìn mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, ó gbé igi kúrò lọ́nà, kò béèrè ìwé kankan.

Àwọn àgbà ní bí a bá pẹ́ jù nídìí imí, eṣinṣin kéṣinṣin ní í bá ni níbẹ̀. Wọ́n fún un ní dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú kù, wọ́n sì yọ kóró rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó buwọ́ lùwé fúnra rẹ̀. Ìrora náà lọ. Ẹsẹ̀ kò padà. Ọdún méjì ló fi jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ kó tó jáde láyé.

Fún ohun tí mo kà lókè yìí, ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó wà ní Adó àti èyí tó wà ní Ìdó ní ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Wọ́n ń fi rọ́bà ìtọ̀ sí i, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ má dúró de Ìbàdàn. Ẹ lọ síbi tó sún mọ́ yín, kí wọ́n ti ibẹ̀ kọ ìwé bó bá di dandan.

Bàbá mi ti pé ọdún 79. PSA tí wọ́n ṣe kẹ́yìn jẹ́ 8.1, dókítà sì ní kí wọ́n tún padà wá lóṣù Bélú. Wọ́n ti fi báírò pupa yí ọjọ́ náà ká lára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì kọ orúkọ mi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n má bàa sọ pé mo gbàgbé.